Màmá tó bá mi so hẹ́límẹ́ẹ̀tì lójú ọ̀nà Ọ̀wẹnà

Màmá arúgbó kan dá mi dúró lójú ọ̀nà lónìí, inú sì ti ń bí mi.

Láti Ọ̀wẹnà ni mo ti gbé e sórí ọ̀kadà mi. A ò tíì rìn jìnnà tó fi ń gbá mi léjìká.

"Dúró ná, ọmọ mi."

"Màmá, òjò ti ṣú o."

"Mo ní kí o dúró."

Mo dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá síwájú mi, ó di okùn hẹ́límẹ́ẹ̀tì mi mú.

"Láti ìgbà tá a ti gbéra ni nǹkan yìí ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Èyí téèyàn ò so, kò yàtọ̀ sí fìlà. Ṣé kò sẹ́ni tó ń bá ọ so ó nílé ni?"

Ìyàwó mi ló rán okùn aṣọ yẹn sí i nígbà tí tàkọ́kọ́ já, òun ló sì máa ń so ó fún mi láràárọ̀. Látìgbà tó ti kú, mo kàn ń dé e lásán ni.

Màmá so ó lábẹ́ àgbọ̀n mi, ó fà á wò, ó padà gun ọ̀kadà.

Mo ti délé láti aago mẹ́rin. Mi ò tíì tú u.

Ẹ̀yin ọlọ́kadà tẹ́ ẹ wà níbí, ta ló ń so tiyín?