Bí Mo Ṣe Di Àlejò ní Àjàṣẹ́

Obìnrin tó jókòó sẹ́yìn tábìlì náà ṣí páàsípọ́tù mi láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó tún ṣí i láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Ó gbé e sókè sí iná bí ẹni tó ń wo ẹyin bóyá ó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé, "Dókítà, ibo lẹ ní ẹ ti kàwé?"

Mo ní, "Kútọnu ni, mà. Àjàṣẹ́ ni mo ń gbé, mo sì ń ti ibẹ̀ lọ sílé ìwé."

"Fún gbogbo ọdún tẹ́ ẹ fi kàwé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó gbé páàsípọ́tù náà kalẹ̀ níwájú mi. "Òǹtẹ̀ dà?"

Àbújá la wà, ní ọ́fíìsì tí gbogbo dókítà tó kàwé lẹ́yìn odi ti gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ kó tó lè fọwọ́ kan aláìsàn ní Nàìjíríà. Ìdánwò kan ń bọ̀ tí wọ́n máa fún wa ṣe, àmọ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí èèyàn jókòó sí i, wọ́n á yẹ ìwé rẹ̀ wò fínnífínní. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Yunifásítì mi ti fi èsì mi ránṣẹ́ fúnra wọn, mo sì ti ní kí wọ́n túmọ̀ ìwé ẹ̀rí mi láti èdè Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì. Páàsípọ́tù nìkan ni mi ò kà sí.

Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni obìnrin náà, kò sì sọ̀rọ̀ burúkú sí mi. Ó ṣàlàyé pé àwọn kan wà tí wọ́n jókòó sílé bàbá wọn, tí wọ́n ra ìwé ẹ̀rí dókítà láti ilẹ̀ òkèèrè bí ẹní ra gààrí. Òǹtẹ̀ inú páàsípọ́tù ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó lọ gbé ibẹ̀ lóòótọ́. Ó ní, "Lójú ìwé yìí, ẹ ò tíì jáde ní Nàìjíríà rí." Ìyá mi máa ń sọ pé bí mo bá kú, ẹnu mi á ṣì máa bá àwọn tó ń gbẹ́ sàréè jiyàn. Lọ́jọ́ yẹn, mo kàn ń ṣí páàsípọ́tù náà kiri bíi pé òǹtẹ̀ máa yọ jáde nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá dàgbà sí ilẹ̀ Yewa ló máa mọ ìdí tí kò fi sí òǹtẹ̀. Ìlaròó ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́, ní òdìkejì bọ́dà, ni wọ́n ti bí ìyá mi, ilé ìyá àgbà mi níbẹ̀ ni mo sì gbé títí mo fi kàwé tán. Bí mo bá ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ Jímọ̀, màá gun ọ̀kadà dé ẹnu bọ́dà, màá sọ̀ kalẹ̀, màá kí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, màá tẹrí ba kọjá lábẹ́ okùn, ó di Ìdí-Ìrókò. Àwọn ìmígíréṣọ̀n mọ ìyá mi. "Màmá ńkọ́?" ni wọ́n máa ń bi mí. Wọn ò béèrè páàsípọ́tù rí. Ta tiẹ̀ ló ń gba òǹtẹ̀ lọ sílé ìyá ìyá rẹ̀? Bí a bá rí ẹnì kan láàárín wa tó mú páàsípọ́tù dání lọ sí Àjàṣẹ́, a máa rò pé orí rẹ̀ ti dàrú ni. Tèmi wà ní ìsàlẹ̀ àpótí, lábẹ́ aṣọ òtútù tí mi ò wọ̀ rí.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n ń pe Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè. Mo wo obìnrin náà lẹ́nu bó ṣe ń sọ ọ́. Inú ilé ìyá àgbà mi níbẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ abọ́. Ibẹ̀ ni eyín mi àkọ́kọ́ ti yọ, tí mo jù ú sórí òrùlé.

Ó ní, "Àbúrò, ọ̀nà kan ló kù. Ẹ lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ tàbí olórí àdúgbò ibi tẹ́ ẹ gbé. Kí wọ́n kọ̀wé pé ẹ gbé ọ̀dọ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí àlejò láti ilẹ̀ mìíràn fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ẹ mú un wá kí a tó ti ìforúkọsílẹ̀ pa. Bí ẹ ò bá rí i mú wá, ẹ ò lè ṣe ìdánwò yìí o, mi ò sì lè sọ ìgbà tí òmíràn máa wà."

Ọdún tí ìjọba ti bọ́dà pa ni. Nígbà tí mo padà dé Ìlaròó tí mo ròyìn fún ìyá mi, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fi ṣe. Ó ní, "Àlejò kẹ̀? Nílé màmá mi?" Nígbà tó rí ojú mi, ó fa àga sún mọ́ mi. Ó mọ iye ìgbà tí àwọn aládùúgbò ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ tó kàwé dókítà, kí ló ń ṣe nídìí ọjà ankara rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Kútọnu ti ń tọ́jú aláìsàn. Èmi ń ka ọ̀pá aṣọ.

Èmi àti ìyá mi dé Ìdí-Ìrókò, ẹnu yà mí. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tò sí ẹ̀bá ọ̀nà, koríko ti ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà wọn. Ṣọ́jà tí mi ò mọ̀ rí ló dúró níbi okùn. Mo kí i, mo sọ orúkọ ìyá mi, bíi pé orúkọ yẹn ṣì ń ṣí ilẹ̀kùn. Ó ní kí n padà sẹ́yìn. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ fún un, ó ní òun ò mú òǹtẹ̀ wá, ìbọn lòun mú wá. Inú bí mi débi pé ìyá mi ní láti fà mí lápá.

Ìyá mi ní, "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Ó wá ọlọ́kadà kan fún mi ní Agosasa tó wà nítòsí bọ́dà. Inú igbó la gbà, láàárín oko ẹ̀gẹ́, lójú ọ̀nà tí àwọn onífàyàwọ́ ń gbé ìrẹsì gbà. Bẹ́ẹ̀, ìwé tó máa sọ pé mo gbé òkèèrè bí ọmọlúàbí ni mo ń lọ gbà. Mo rẹ́rìn-ín títí eruku fi kún mi lẹ́nu.

Nílé ìyá àgbà mi, àmù omi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ife ṣílífà kan sì máa ń wà lórí ìdérí rẹ̀. Ọmọ ilé tó bá dé máa kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà, á kọjá síbi àmù, á bu omi mu fúnra rẹ̀. Gíláàsì tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ti àlejò ni. Orí tiréè ni wọ́n ti ń gbé e fún wọn, kò sì sí ọmọ ilé tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo dé, mo kúnlẹ̀, mo bu omi ife méjì mu. Láti inú yàrá ni ìyá àgbà ti ń pariwo pé, "Rọra o! Ìwọ nìkan kọ́ lo ni àmù."

Olórí àdúgbò, tí wọ́n ń fi èdè Faransé pè ní sẹ́ẹ̀fù, mọ ìyá mi láti kékeré. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Kí n kọ̀wé pé ọmọ ilé yìí jẹ́ àlejò? Ṣé o rò pé orí mi ò pé ni?"

Mo ní, "Bàbá, ìwé lásán ni."

"Ìwé lásán ni, o wá gba inú igbó wá gbà á?"

Ó ṣàlàyé fún mi pé ẹni tí òun bá fi ọwọ́ òun kọ̀wé pé ó jẹ́ àlejò ní àdúgbò yẹn ò ní ẹ̀tọ́ sí yàrá kankan nínú agbo ilé mọ́, ẹni náà àti ọmọ tó bá bí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi lé àwọn kan tí ìyá wọn jẹ́ ọmọ ilé jáde nínú agbo ilé kejì. Ó ní òun ò lè kọ ọ́ láéláé, àyàfi bí àgbà tó ni ilé bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú àwọn àgbààgbà. Ìyá àgbà mi ni àgbà yẹn. Mo ti rò pé inú igbó ni ìṣòro mi pin sí.

Mo ròyìn fún un nírọ̀lẹ́, mo ń wolẹ̀. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó bi mí pé, "Tí o ò bá jẹ́ àlejò, o ò lè jẹ́ dókítà?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, Màmá."

Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ aṣọ tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sì ṣáájú mi lọ sí iwájú ilé olórí àdúgbò. Àwọn àgbààgbà ti jókòó. Mo rò pé ó máa fi ṣe àwàdà, pé ó máa ṣẹ́jú sí mi. Ó dúró ṣánṣán. "Ọmọ tí ẹ ń wò yìí, àlejò ni. Nàìjíríà ló ti wá. Ọ̀dọ̀ mi ló wọ̀ sí láti kàwé. Ó ti kà á tán." Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n rárá. Mo ti rí òkú, mo ti rí ẹ̀jẹ̀ lóríṣiríṣi nílé ìwé wa, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ohun tó bà mí lẹ́rù tó gbólóhùn yẹn rí. Olórí àdúgbò kọ ọ́ ní èdè Faransé, ó tẹ òǹtẹ̀ lù ú.

Wọ́n gba ìwé náà ní Àbújá. Mo ṣe ìdánwò, mo yege, mo sì gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi. Nígbà tí wọ́n ṣí bọ́dà, mo mú páàsípọ́tù mi jáde lábẹ́ aṣọ òtútù, mo sì ní kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí i ní Ìdí-Ìrókò. Ọ̀gá ìmígíréṣọ̀n tó mọ ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú.

Mo dé ilé ìyá àgbà, mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀," ló fi dá mi lóhùn, sókè, kí àwọn tó wà níta lè gbọ́. Mo rò pé ó rí ẹnì kan lẹ́yìn mi. Mo dìde, mo kọjá síbi àmù.

"Ẹ jókòó."

Ó ń bọ̀ láti inú yàrá, ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú, ó fi èkejì gbé tiréè. Gíláàsì àlejò wà lórí rẹ̀, omi kún un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú. Ojú dókítà ni mo kọ́kọ́ fi rí i.

Mo ní, "Màmá, kí lẹ ń ṣe yìí? Èmi ni o!"

Ó tẹ̀ síwájú, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Mo ti sọ ọ́ níwájú àgbà. Bí àwọn ará Àbújá bá wá wádìí, tí wọ́n bá ọ nídìí àmù, wọ́n á ní irọ́ la pa, wọ́n á sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

"Màmá, wọn ò ní wá. Kò sẹ́ni tó ń wò wá."

"Ṣebí bó o ṣe rò nìyẹn," ló wí, "nígbà tó o rò pé kò sẹ́ni tó máa wo páàsípọ́tù ẹ."

Omi ti ń dà sórí tiréè, mo sì sáré gba gíláàsì náà, mo mu omi inú rẹ̀ tán. Mo ní kí n lọ fọ̀ ọ́. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó di ògiri mú, ó sì lọ fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀.