Wáṣà Tí Àbúrò Ọkọ Mi Pè Ní Èènì

Ọdún tí àgbàrá wó ògiri wa n'Ìbà ni àbúrò ọkọ mi fúnra wọn pààrọ̀ omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì alùpùpù wọn tutù. Tí wọ́n bá ti ń súfèé, wọ́n ń tú nǹkan nìyẹn. Wáṣà kan, òrùka pẹlẹbẹ tó máa ń wà nídìí nọ́ọ̀tì, ṣẹ́kù sílẹ̀.

"Èènì ni, ìyàwó wa."

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n fẹ́ gùn ún lọ wo ìyá wọn tó ń ṣàìsàn ní Àgbádárìgì, omi ń kán. Wọ́n di páìpù, ó ṣì ń kán. Mo nu abẹ́ ẹ́ńjìnnì gbẹ, mo wọ́n pọ́dà mi sí i kí n lè rí ibi tó ti ń jò. Ìdí nọ́ọ̀tì tí wọ́n ti tú omi àtijọ́ dànù nìkan ló rin.

"Ẹ gba èènì yín, ọkọ mi."

Wọ́n fi wáṣà síbẹ̀, wọ́n dọ́dọ̀ ìyá láyọ̀.

Mo wá sọ fáwọn ọmọ mi pé: ẹ bọ̀wọ̀ fún bàbá kékeré yín, àmọ́ ẹ má gbé fáànù yín fún wọn tún ṣe.