Ọ̀pẹ Mi Lábẹ́ Wáyà Ńlá

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí n kò tíì lè gbé garawa omi tó kún, mo ní ọ̀pẹ kan tó jẹ́ tèmi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní abúlé wa lẹ́bàá Pobẹ̀, bí ìwọ́ ọmọ bá já, wọn a rì í mọ́lẹ̀, wọn a gbin ọ̀pẹ sórí rẹ̀, ọ̀pẹ ọ̀hún a sì di ti ọmọ náà. Ẹyìn tèmi ni ìyá mi fi ń ṣe epo tó fi ń ra aṣọ fún mi. Bí wọ́n bá nà mí nílé, ìdí rẹ̀ ni mo máa ń lọ jókòó sí.

Lọ́dún kan ni àwọn òṣìṣẹ́ dé láti ọ̀nà Sakẹ́tẹ́. Wọ́n ń ri òpó irin gàgàrà mọ́lẹ̀, wọ́n ń ta wáyà láti orí ọ̀kan dé orí èkejì, wọ́n dojú kọ ọ̀nà Onígbólò. Inú wa dùn, a ní iná dé. Ìyá mi àti àwọn orogún rẹ̀ tilẹ̀ ti ń jiyàn lórí yàrá ẹni tí yóò kọ́kọ́ tàn.

Ọ̀gá wọn, ọkùnrin ará Àjàṣẹ́ kan tó gbọ́ èdè wa, wá bá èmi àti bàbá mi lóko. Ó ní ẹ̀gẹ́ lè wà lábẹ́ wáyà, ẹ̀pà lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n igi gíga kò gbọdọ̀ wà. Bàbá mi jẹ́ kí wọ́n gé àwọn ọ̀pẹ yòókù. Nígbà tó kan tèmi, bàbá mi tí gbogbo agboolé ń bẹ̀rù ṣí fìlà fún ọ̀gá náà.

“Ọmọ mi, ti ọmọbìnrin yìí nìyẹn. Imọ̀ rẹ̀ kò kan wáyà yín. Èmi fúnra mi á máa gùn ún, n ó máa gé e.”

“Bàbá, kò dìgbà tó bá kàn án. Agbára iná yìí pọ̀ débi pé á fò bá a. Bí ẹ bá wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí la ó wí fún àwọn ará ilé yín?”

Bàbá mi bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi agbára tó bẹ́ẹ̀ sí i. Ọkùnrin náà fi sùúrù ṣàlàyé. Ó ní ọ̀nà iná jìn. Bí wọn kò bá fi agbára rán an, ara wáyà ni yóò máa gbóná, púpọ̀ nínú iná náà a sì ṣòfò sójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ró o lágbára níbi tó ti ń bọ̀, tí wọ́n á sì rọ̀ ọ́ wálẹ̀ níbi tó bá dé, pẹ̀lú àpótí irin tí wọ́n ń pè ní tàràńsífò. Bàbá mi ní, àwa ńkọ́, àpótí tiwa dà? Ọkùnrin náà wolẹ̀.

“Ẹ kò ní, Bàbá. Orí yín ló kàn máa gbà kọjá.”

Wọ́n gé e. Etí aṣọ ìyá mi ni mo dì mú. Àwa kì í jẹ́ kí ọ̀pẹ tó bá wó ṣòfò, nítorí náà bàbá mi gbẹ́ ihò sí i lọ́rùn, ó dá ẹmu rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ mu nínú rẹ̀. Bàbá mi bu díẹ̀ fún èmi náà nínú igbá. Adùn rẹ̀ pọ̀, n kò sì mọ ohun tí mo lè ṣe sí i.

Inú òkùnkùn la wà títí bàbá mi fi kú, wáyà ń kùn lórí wa bí oyin nígbàkúùgbà tí òjò bá rọ̀.

Ayé ti yí padà. Tàràńsífò ti wà lórí òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wàyí, ẹ̀yin ọmọ ń tẹ fóònù, ẹ ń mu omi tútù. Ṣùgbọ́n tàràńsífò yẹn tún ti jó lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ẹja tí mo ń tà ti ń rùn nínú fìríìjì, ẹ ní kí n ní sùúrù. Mo bi yín pé ta ni kí n lọ bá, ẹ kò mọ̀. Láyé tiwa, bí wọn kò tilẹ̀ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa, a rí ẹni bẹ̀. Nísinsìnyí, iná ń wá, iná ń lọ, kò sì sẹ́ni tó mọ ojú ẹni tó ń rán an.