Òkun Kọ́ Ló Pa Shee Famau

Ìbọn ni wọ́n fi pa Shee Famau. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀, nítorí rédíò ti sọ fún gbogbo erékùṣù Lamu pé òkun ló gbé e lọ, pé ìgbì ló dojú ọkọ̀ wọn dé. Irọ́ gbuu ni. Àwọn olè ojú òkun ló yìnbọn lù ú láyà, tí wọ́n sì fẹsẹ̀ tì í sómi nígbà tó ṣì ń mí. Nahodha Kombo, ọ̀gá atukọ̀ tó ni ọkọ̀ náà, fojú ara rẹ̀ rí i láti abẹ́ ìgbòkun tó sá pamọ́ sí, àdá ti la èjìká rẹ̀.

Ta ni Shee tí wọ́n ń parọ́ mọ́ yìí? Ọmọ wa ni, tó kàwé nípa òkun àti ojú ọjọ́, tó sì padà wálé. Òun ló ń sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ òkun ìgbà tí ìgbì máa rọlẹ̀ débi tí ọkọ̀ kékeré àwọn olè á fi lè jáde. Boya ló ń bá a ṣọ́ òkun, ike ńlá pupa rúsúrúsú tó léfòó lójú agbami, tó ń wọn ìgbì àti atẹ́gùn, tó sì ń ròyìn sí ọ́fíìsì rẹ̀.

Ẹja a máa kóra jọ sábẹ́ boya yẹn, àwọn apẹja wa ò sì lè rí ẹja kí wọ́n mójú kúrò. Wọ́n ń so ọkọ̀ wọn mọ́ ọn. Shee ò pe ọlọ́pàá sí wọn. Ó ń bá wọn mu kọfí kahawa, ó ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá Ìgbì," Kombo bi í, "ṣé ìwọ lo kó ẹja síbẹ̀ ni?"

"Èmi kọ́," ni Shee dáhùn. "Àmọ́ tí boya bá fọ́jú, èmi ni màá máa wá òkú yín kiri."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ọkọ̀ tí wọ́n ń so mọ́ boya fa ṣéènì tó dè é mọ́ ìsàlẹ̀ òkun já, omi gbá boya lọ sórí àpáta, ó dákẹ́.

Àsìkò kusi la wà nígbà náà, atẹ́gùn tó ń ru òkun sókè, gbogbo wa la sì gbà pé olè ò lè jáde nínú kusi. Shee rí i nínú àwòrán sátẹ́láìtì pé kusi fẹ́ sinmi. Ó sáré lọ bá ọ̀gá ẹ̀ṣọ́, ó ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ jáde, kí wọ́n sì gbé òun dé ìdí boya. Ọ̀gá ní kusi ni kusi ń jẹ́, kó lọ sinmi jàre. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ọkọ̀ náà lọ́dà tuntun de àlejò ńlá kan, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án!

Ojú ti Kombo nítorí ṣéènì tó já, ló bá ní òun á gbé e lọ. Shee rò pé àwọn á ti padà kí òkun tó rọ̀. Òkun ti rọ̀ tán níta, kò sì sí boya tí ì bá sọ fún un.

Ibẹ̀ ni àwọn olè ti ká wọn mọ́, Kombo nìkan ló fi apá kan tu ọkọ̀ délé. Zuhura, tí òun àti Shee jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, nu omijé ojú rẹ̀, ó ṣírò bí omi ṣe ń ṣàn àti bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́, ó sì lọ bá ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ gbé ọkọ̀ jáde. Mo mọ ibi tí omi ń gbé e lọ."

"Òkú ò ní sá lọ, Zuhura. Jẹ́ kí àlejò wa kọ́kọ́ lọ ná."

Ṣé ẹ gbọ́? Àlejò dé, ó jẹ ìrẹsì biriyani, ó ya fọ́tò lórí ọkọ̀. Shee ń léfòó káàkiri, ẹja yanyan ń fà á ya. Àwọn tó ń pa akàn ló rí ohun tó ṣẹ́kù nínú igbó ẹ̀gbà etí omi, níbi tí Zuhura sọ gẹ́lẹ́. Kò lẹ́sẹ̀ mọ́. Ẹja ti jẹ ojú rẹ̀ tán. Mo bá wọn wẹ̀ ẹ́, mo sì bú ọ̀gá yẹn bí mo ṣe ń da omi.

Ọjọ́ ìsìnkú, ọ̀gá dé nínú ẹ̀wù gígùn kanzu funfun, ó fẹ́ ti èjìká bọ abẹ́ pósí. Lọ́dọ̀ wa, a kì í lé ẹnikẹ́ni kúrò nídìí pósí, ọ̀tá pàápàá ń gbé e. Ọjọ́ náà, àwọn apẹja fún èjìká pọ̀, wọn ò fún un láyè.

"Ẹ gbé èjìká yín kúrò," Kombo sọ fún un. "Nígbà tí Shee wà nínú omi, a ò rí èjìká yìí."

Ẹ má pe Shee ní akọni fún wa mọ́ lórí rédíò. Ta ló ní kí ọkọ̀ dúró? Ta ló gbé irọ́ fún rédíò kà? A fẹ́ gbọ́ orúkọ wọn níwájú adájọ́, a ò fẹ́ ìbánikẹ́dùn.

Lánàá, Zuhura sọ pé kusi tún fẹ́ sinmi. Boya ṣì wà lórí àpáta, ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ ṣì wà ní èbúté, ọ̀dà rẹ̀ ń dán. Àwọn apẹja wa ti jáde láàárọ̀ yìí, torí àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun. Ọ̀gá, òkú ta lẹ tún fẹ́ ká lọ gbé nínú igbó ẹ̀gbà?