Ta Ló Gbé Ẹ̀rọ Kúrò Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abọ́dúndé?

Abọ́dúndé kú lọ́sàn-án gangan, lójú ìyá rẹ̀, lójú nọ́ọ̀sì, lójú èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Inú ọsibítù ńlá ló kú sí, lápá ibi tí à ń gbé yìí, nínú ìlú tí wọ́n ń sọ fún wa lójoojúmọ́ pé owó kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà: kẹ̀lẹ̀bẹ̀!

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, ọmọ Àrínọlá aránṣọ tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ nílé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ jọjọ. Tí mo bá ń jáde láàárọ̀, á ní, "Bàbá Oníwèé, kí lẹ fẹ́ kọ lónìí?" Èmi náà á ní, "Ìwọ ni mo fẹ́ kọ." Á bú sẹ́rìn-ín, á sáré lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun máa wà nínú ìwé ìròyìn. Ọmọ mi, o ti wà níbẹ̀ báyìí o.

Ìṣó ló gún un lẹ́sẹ̀ nídìí ojú irin ní Èbúté Mẹ́ta, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ réluwéè. Tẹ́tánọ́ọ̀sì wọlé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dì pa, gbogbo ara gan. Àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ wọn, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n lu ihò sí i lọ́fun, wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́, wọ́n sì so rọ́bà náà mọ́ ẹ̀rọ tó ń bá a mí. A rò pé ó ti tán. Kò tán. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, ó ń lajú, ó ń fi ìka di ìyá rẹ̀ mú. Àrínọlá ti ń rán ṣòkòtò tó máa wọ̀ relé.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó ní rọ́bà lọ́fun kì í ké. Ohùn ò sí. Kò lè húkọ́ kó tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dànù bíi tèmi tìrẹ. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ bá a fà á, léraléra. Sista Gertrude, nọ́ọ̀sì àgbà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn wá lọ́jọ́ tí ẹ̀rù ń ba Àrínọlá. Á fọwọ́, á wọ ìbọ̀wọ́, á mú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tuntun tí wọn ò lò fún ọmọ mìíràn rí, á so ó mọ́ ẹ̀rọ kejì tó ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Á kọ́kọ́ fún ọmọ ní atẹ́gùn sí i. Á ti rọ́bà náà wọlé jẹ́jẹ́, kò ní í fà rárá. Ìgbà tó bá ń bọ̀ lóde ló máa jẹ́ kí ẹ̀rọ fà. Òun fúnra rẹ̀ á sì sé èémí rẹ̀ mọ́nú. "Tí èémí bá ti ń há èmi," ó ní, "ó ti ń há òun náà nìyẹn. Mo gbọ́dọ̀ yọ ọ́." Tó bá yọ ọ́ tán, òun àti ọmọ á jọ mí kanlẹ̀. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀rọ tó ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yìí, ẹyọ kan ni wọ́ọ̀dù náà ní. Ẹyọ kan! Alágbára kan tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu wá gba yàrá lókè, ní wọ́ọ̀dù àwọn ẹni ńlá. Àṣẹ wá láti ọ́fíìsì pé kí wọ́n yá wọn ní ẹ̀rọ náà. Yá! Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò. Ládùúgbò wa, a máa ń yá odó, a máa ń yá àkàbà, ẹni tó yá nǹkan a sì máa dá a padà kí ẹni tó ni ín tó bèèrè. Sista Gertrude bèèrè tiẹ̀, wọ́n ní ó ń bọ̀. Ó ránṣẹ́, ó ń bọ̀. Dókítà bá wọn sọ ọ́, ó ń bọ̀. Àfi bí ẹni pé réluwéè ni à ń retí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí, èmi àti Àrínọlá lọ wò ó. Ọ̀fun ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ẹ̀rọ tó ń bá a mí ń ta atẹ́gùn, atẹ́gùn ò wọlé. Ètè rẹ̀ ń dúdú. Sista ránṣẹ́ sókè, ó ránṣẹ́ pe dókítà tó wà nídìí iṣẹ́ abẹ. Ó fi rọ́bà sí sírínjì ńlá lẹ́nu, ó ń fi ọwọ́ fà á. Díẹ̀ ló jáde. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà ti ki bí ẹ̀kọ tó ti dì.

Àrínọlá kúnlẹ̀. "Sista, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fẹnu fà á. Nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, tí ọ̀fìnkìn bá dí i nímú, ẹnu mi yìí ni mo fi ń fà á, tí mo fi ń tu ú dànù. Ẹ jẹ́ kí n fà á!"

Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ̀ ń kà mí, ta ni kò ṣe é rí nínú yín?

"Kò ṣeé ṣe, Ìyá Abọ́dún," Sista ní, ọwọ́ rẹ̀ ò dúró. "Ìdọ̀tí ẹnu wa á wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ibi tó há sí náà ti jìnnà, ẹnu ò lè fà á débẹ̀."

"Kí wá ni kí n ṣe? Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ̀rọ̀! Kí ni kí n ṣe?"

Èmi ló ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Èmi tí mò ń fi gègé dẹ́rù ba àwọn alágbára! Mo káwọ́ lérí. Ọmọ náà ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, kò lè ké. Nígbà tó yá, kò wò wá mọ́. Dókítà sáré wọlé, òkú ló bá.

Sista ò jẹ̀bi. Òótọ́ ló sọ fún ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ní kí ìyá má fẹnu fà á, ó dáa. Kí lẹ fi rọ́pò ẹnu rẹ̀? Ẹ gbé ohun tí à bá fi fà á lọ fún ẹni tó lè fúnra rẹ̀ húkọ́, tó lè fúnra rẹ̀ tutọ́! Ṣé ohun tẹ́ ẹ kọ́ lókè òkun nìyẹn?

Mo lọ bá ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì ọsibítù. Ó fún mi ní àga, ó tún fi mínírà tútù ṣe mí lálejò. "Tẹ́tánọ́ọ̀sì ló pa ọmọ yẹn, ọ̀gbẹ́ni," ó ní. "Ọlọ́run ló fún wọn, Ọlọ́run ló gbà á." Háà! Ṣé Ọlọ́run ló gbé ẹ̀rọ gun òkè? Títí di òní, kò sí ẹnì kan láti ọ́fíìsì yẹn tó wá kí Àrínọlá kú ọ̀fọ̀.

Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Orúkọ ni mo fẹ́. Ta ló pàṣẹ pé kí wọ́n gbé e? Ta ló ń dáhùn pé ó ń bọ̀? Kí wọ́n jáde, kí wọ́n wá sọ ọ́ lójú ìyá ọmọ. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ̀ ń ṣèwádìí. Òní ni mo wí, nítorí mo padà sí wọ́ọ̀dù náà láàárọ̀ kí n tó jókòó kọ èyí. Wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọbìnrin kan ti wà lórí rẹ̀, rọ́bà wà lọ́fun rẹ̀, ìyá rẹ̀ jókòó tì í. Ẹnu ọ̀nà ni Sista Gertrude ń wò. Ẹ̀rọ ò tíì dé.