Ẹni Kan Ṣoṣo Tó Ń Pè É Ní Má

Gbogbo Cabramatta, àdúgbò wa nílùú òyìnbó, ló ń pe ìyá mi ní Dì Tám. Dì ni à ń pe obìnrin tó bá tó àǹtí ẹni. Tám ni ẹni kẹjọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ keje ni, nítorí pé nílé bàbá rẹ̀ ní Sa Đéc, nílẹ̀ tí a ti wá, orí èjì ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọmọ, kí àwọn iwin má baà dá àkọ́bí mọ̀. Onígbàjámọ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tó ń sun pẹ́pẹ́yẹ ń pè é bẹ́ẹ̀, kódà àlùfáà tẹ́ńpìlì. Ẹni kan ṣoṣo ló ń pè é ní Má, ìyẹn ìyá. Bàbá mi ti kú kí n tó mọ̀ ọ́n rìn, Má kò sì bí ọmọ mìíràn lẹ́yìn mi. Thoa ni orúkọ mi. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo fi ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ṣe, ẹ má sì ṣàánú mi.

Ogún ọdún ni Má fi rán kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì nínú gáréèjì wa. Kọ́là nìkan ni o, kò rán odindi ṣẹ́ẹ̀tì kan rí. Wọn á já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, wọn á wá kó o ní ọjọ́ Ẹtì, ariwo maṣíìnì rẹ̀ ni mo sì fi ń sùn. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́, ó ta maṣíìnì, ó hú koríko ẹ̀yìnkùlé kúrò, ó gbin ewé ọbẹ̀ síbẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, yóò kó ewé náà sínú kẹ̀kẹ́ tó fi ń tì mí kiri nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, táyà kan á máa dún kíí-kíí lọ́nà, títí dé iwájú ṣọ́ọ̀bù olóògùn. Níbẹ̀ ni yóò ti dojú kéréètì mílíìkì délẹ̀, tí yóò jókòó lé e, láàárín àwọn ìyá àgbà mẹ́rin mìíràn tí wọ́n ń ta ewé bíi tirẹ̀.

"Dì Tám, ṣé ọmọ ọmọ rẹ ló wà nínú kẹ̀kẹ́ yẹn?" Ìbéèrè tí Dì Chín, ọ̀kan nínú wọn, máa ń bi í nìyẹn, ọ̀sẹ̀ ò sì lè lọ kó má bi í.

"Òun ni. Ọmọ dáadáa ni, kì í sunkún, kì í sì í gbó mi lẹ́nu."

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa mú àwọn òyìnbó ìgboro jẹun kiri àdúgbò wa, mẹ́wàá-mẹ́wàá, pẹ̀lú àsíá pupa kékeré lọ́wọ́ mi. A ó mu omi ìrèké, a ó jẹ pẹ́pẹ́yẹ, a ó fọwọ́ kan sílíìkì ní ṣọ́ọ̀bù aláṣọ, a ó wo bí onígbàjámọ̀ ṣe ń fi ọ̀pá tín-ín-rín wa etí oníbàárà. Ìtàn ni àwọn àlejò fẹ́ràn jù, mo sì fún wọn ní ìtàn. Mo ní ìyá mi ní ilé oúnjẹ ńlá kan ní Sàìgọ́n, níbi tí ó ti mọ gbogbo ọbẹ̀ tó kọ́ mi. Irọ́ ni. Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ ni Má ń kiri nígbà tó wà lọ́mọge. Ọ̀gá mi fẹ́ràn irọ́ náà débi pé ó kọ ọ́ sínú ìwé ìpolówó. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti jẹ́ kí àlejò mi gba iwájú olóògùn kọjá mọ́.

Ní Sátidé kan, páìpù omi bẹ́ lójú ọ̀nà tí a máa ń gbà, wọ́n sì fi okùn dí i. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Mo gbé àsíá sókè, mo ń yára bí ẹni tí òjò ń lé, àmọ́ ìyá àgbà ọlọ́yàyà kan tó ń jẹ́ Maureen dúró gbọnyin síwájú kẹ̀kẹ́ Má.

"Ẹ wo bó ṣe to ewé sínú kẹ̀kẹ́ ọmọ! Thoa, ṣé o mọ̀ ọ́n ni?"

"Rárá," mo ní. "Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta ewé níbí ni."

"Bá mi bi í, ewé kí ni eléyìí?"

Ewé tó dà bí ọkàn ni, tó ń rùn bí ẹja. Èmi fúnra mi ló bomi rin ín ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Má ti ń rẹ́rìn-ín sí mi, ẹnu rẹ̀ ti ń là láti pè mí. Mo yára sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀.

"Dì, ẹ jọ̀ọ́, ewé kí nìyí?"

Mo rí i bí ẹnu rẹ̀ ṣe pa dé. Ó wo àsíá ọwọ́ mi, ó wo àwọn àlejò, ó tún wò mí.

"Dạ," ó ní.

Dạ ni èsì tí ọmọdé ń fún àgbà nílé wa. Bí mo bá gbàgbé rẹ̀ ní kékeré, ṣíbí igi ni Má fi ń rán mi létí. Kí ìyá ẹni wá wí i fún ẹni, ó dà bí ìgbà tó kúnlẹ̀ kí ẹni ní gbangba.

"Dạ, mádáàmù. Ewé ẹja là ń pè é. Bí ara ọmọ bá ń gbóná, ẹ gún un, kí ẹ fún omi rẹ̀ sí i lẹ́nu. Mo ní ọmọ kan tó mu ún dàgbà."

"Kí ló wí?" Maureen bi mí.

"Ó ní ó dára fún ibà."

Maureen ya fọ́tò rẹ̀. Dì Chín, tó ti mọ̀ mí láti inú kẹ̀kẹ́ yẹn, wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri. Wọ́n ní ọmọ tó bá mọ ìyá rẹ̀ lójú, òṣì ni yóò ta á pa. Èmi kò tilẹ̀ mọ ìyá mi lójú. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n rárá.

Nígbà tí mo délé, ọbẹ̀ ẹja kíkan tí mo fẹ́ràn wà lórí iná.

"Má, mo ti dé."

"Dạ, mádáàmù. Ẹ jókòó, oúnjẹ ti jinná." Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé abọ́ fún mi, bí ẹni ń gbé e fún àgbà.

Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ni, mo sì fi ẹ̀rín bò ó. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, "Dạ, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Ní ọjọ́ kẹta, "Dạ, mádáàmù, ẹ má gbàgbé agboòrùn yín." Kò fajú ro, kò sì gbé ohùn sókè, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Bó bá nà mí, ì bá sàn. Ojú ń tì mí, mo sì sọ ìtìjú náà di ìbínú: mo gbá ilẹ̀kùn mọ́, mo ní, "Má, ìyà yìí ti tó!"

"Dạ," ó dáhùn láti ilé ìdáná.

Ní Sátidé kẹta lẹ́yìn náà, mo pinnu pé n ó pè é ní Má lójú gbogbo àlejò, kí iṣẹ́ bàjẹ́ bó bá fẹ́ bàjẹ́. Maureen ti padà wá, ó fi férémù sí fọ́tò tó yà, ó gbé e wá fún ẹni tó wà nínú rẹ̀. Mo kó gbogbo wọn lọ tààrà síwájú olóògùn. Má kò sí níbẹ̀.

"Ta lẹ ń wá, mádáàmù?" Dì Chín bi mí.

"Má mi."

"Má rẹ kẹ̀? Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Àwa Dì la pọ̀ níbí." Ó fi mí sílẹ̀ kí n làágùn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn agolo ìdalẹ̀nù. Láti ọjọ́sí ló ti wà níbẹ̀. Ó ní kí ọ̀nà lè là fún ọ. Ta ní í rin ibẹ̀ tó máa rajà? Ìdì méjì ló tà lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Mo sáré, àwọn àlejò sì ń tẹ̀ lé àsíá. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ lókèèrè, fìlà méjì tó máa ń dé léra wọn, àti kẹ̀kẹ́.

"Má!"

Àwọn ìyá àgbà méjì tó ń ti ẹrù wọn lọ sí ọkọ̀ yíjú wò mí. Tèmi kò yíjú. Mo tún pè é, ó ń di ewé rẹ̀ lọ. Mo dé iwájú rẹ̀, mo lóṣòó.

"Má, èmi ni."

"Mo gbọ́ ọ. Rọra, àwọn àlejò rẹ ń bọ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè yín."

"Mo ti kọ́ ọrùn mi kó má yí ni. Mo sì ń kọ́ ẹnu mi. Ahọ́n àgbà ti le, Thoa. Bí n kò bá fi kọ́ra nílé, ó máa yọ̀ lọ́jọ́ kan, n ó pè ọ́ lọ́mọ lójú wọn, wọn á sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rò pé ó ń fìyà jẹ mí. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé e sókè, bàtà Má ni mo ń wò, àti ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ tó ti ya.

Maureen dé, ó ń mí helehele. "Thoa, sọ fún un pé tirẹ̀ nìyí."

"Ìyá mi ni," mo ní.

"Ìyá ta?"

"Ìyá tó bí mi. Èmi ni wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ yẹn tì. Kò ní ilé oúnjẹ rí. Mo purọ́ fún yín."

Àlejò kan wúkọ́. Maureen wo fọ́tò, ó wò mí pẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé fọ́tò náà fún Má, bí mo ti kọ́ wọn pé à ń ṣe fún àgbà níbí.

Èdè òyìnbó tí a sọ ti yára ju etí Má lọ. "Kí lo sọ fún wọn?"

"Mo ní ẹ̀yin lẹ bí mi."

"Ta ló bi ọ́?" ó ní, ó sì fi fìlà bo ojú.

Má ti padà síwájú olóògùn báyìí. Ó ti ń pè mí lọ́mọ, ó tilẹ̀ ń bú mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ bí mo bá pè é lórí fóònù, tí mo ní, "Má," "Dạ" ló ṣì máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. N kì í fi í rẹ́rìn-ín. Mo máa ń dúró, títí yóò fi rántí ẹni tí mo jẹ́ sí i.