Ọ̀sán Tí A Dáná Kí Wọ́n Lè Rí Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré nínú Ìlọrin níbí, ọkọ̀ òfurufú kì í kọjá lórí wa kí ọmọdé jókòó sínú ilé. Àwa ọmọ ilé kéú pàápàá á fi wàláà sílẹ̀, a ó sáré bọ́ síta, a ó máa juwọ́ sókè títí ojú wa ò fi ní rí i mọ́. Bàbá mi tó jẹ́ àlùfáà wa á wá fi pàṣán kí wa káàbọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, bó bá balẹ̀ sórí òrùlé yín, bóyá lẹ ó gbójú kúrò lára fóònù.

Nígbà tí mo dé ilé ìwé girama, wọ́n dá ẹgbẹ́ kádẹ́ẹ̀tì òfurufú sílẹ̀ fún wa. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ti ṣe sójà òfurufú rí kó tó fẹ̀yìn tì. Ó kọ́ wa ní máàṣì, ó kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń so okùn tí kò ní tú, bí wọ́n ṣe ń di egbò ẹni tó ṣèṣe, bí wọ́n ṣe ń fi máàpù àti kọ́ńpáàsì mọ ọ̀nà nínú igbó, àti ohun tó ń gbé irin tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ dúró sínú afẹ́fẹ́. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo gbádùn ẹ̀ gan-an. Bàbá mi wò mí nínú yunifọ́ọ̀mù náà títí, wọ́n ní, “Ilẹ̀ tí o ń tẹ̀ yìí, ṣé o ti mọ̀ ọ́n tán tí o fi ń wá òkè lọ?” Wọ́n ṣe àdúà fún mi ṣá, wọ́n sì yọ̀ǹda mi.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan nínú ẹgbẹ́ náà. Tíṣà ni bàbá àti ìyá ẹ̀, ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni wọ́n, Tanke ni wọ́n sì ń gbé nígbà tí Tanke ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ oko. Ní tiẹ̀, kádẹ́ẹ̀tì ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Bí a bá jókòó sí kíláàsì, òun ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ìró ọkọ̀ òfurufú. Á ní, “Ó ń bọ̀,” yóò sì yọ lóòótọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ láyé, kí wọ́n gbé òun gòkè lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà ọyẹ́ ọdún kan, ọ̀gá kó wa lọ sí ẹ̀gbẹ́ Òkè-Oyì láti lọ sùn nínú àgọ́. Ó ní lọ́jọ́ kejì, a ó gba inú igbó kọjá ní méjì-méjì, láti ojú títì títí dé àgọ́. Àwọn méjì tó bá kọ́kọ́ dé ni ọkọ̀ òfurufú kékeré kan tó ń bọ̀ wá sí Ìlọrin máa gbé yí ìlú ká. Ọ̀rẹ́ mi ò jẹun dáadáa láti ìgbà tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi ni wọ́n pín mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí àṣìṣe kan ti wà nílẹ̀ ká tó gbé ẹsẹ̀. Ọ̀gá wa ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé ìwé, ó ti gba ti àwọn òbí, ṣùgbọ́n kò lọ kí Baálẹ̀ abúlé tó ni igbó náà. Ní abúlé yẹn, bí ọyẹ́ bá ti gbẹ koríko, àwọn ọdẹ á mú ọjọ́ kan, wọ́n á yí igbó ká nítorí ọ̀yà. Kò sẹ́ni tó ń pariwo níbẹ̀, kí ẹran má baà sá. Ọ̀gá ọdẹ ló máa ń kọ́kọ́ dáná níbi tó wà. Bí àwọn yòókù bá ti rí èéfín ẹ̀, kálukú á dáná sí ìdí koríko tó wà níwájú ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n mú lọ́dún náà ni ọjọ́ tí wọ́n rán àwa náà wọgbó. Ká ní a kí wọn ni, wọn ì bá sọ fún wa.

Igbó náà dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. A rí bàbá kan lókèèrè tó jókòó pẹ̀lú ajá ẹ̀, ó di ajá náà lẹ́nu mú. A rò pé ó ń sinmi ni, òun ò sì rí wa. Lẹ́yìn náà, a kan ojú ọ̀nà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro mọ́ fínífíní, tí kò sí ewéko kankan lórí ẹ̀. Inú ọ̀rẹ́ mi dùn, ó ní àwọn èèyàn ibí mà kì í ṣe ọ̀lẹ o. A kò mọ̀ pé wọ́n ro ó kí iná má baà kọjá sóko ni. A sọdá ẹ̀, a sì bọ́ sínú igbó tí wọ́n fẹ́ sun.

Ọyẹ́ bo òkè tó yẹ ká máa fi mọ ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ mi gé ọ̀nà kúrú kí a lè kọ́kọ́ dé, ká tó mọ̀, a ti sọnù. Ọ̀gá ti kọ́ wa pé ẹni tó bá sọnù kó dáná kékeré, kó fi ewé tútù lé e, kí èéfín ẹ̀ lè fi í hàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dáná ti gbà pé òun ò lè dá ọ̀nà mọ̀, ọkọ̀ òfurufú ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi jókòó, omi lé sí i lójú. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Nígbà tó yá, ó dìde, ó ro ilẹ̀ yí ká, ó dáná náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa, láìfo ohunkóhun. Èéfín gòkè.

Kò pẹ́ tí èéfín mìíràn fi yọ lápá òsì wa. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, “Wọ́n ti dá wa lóhùn.” Òmíràn tún yọ lọ́tùn-ún. Òmíràn tún yọ lẹ́yìn wa. Ẹ̀rín náà ò kúrò lójú ẹ̀ bọ̀rọ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ rí i pé iná ti yí wa ká.

Ipadò gbígbẹ kan wà nítòsí, ibẹ̀ la sá sí. A da omi ìgò wa sára aṣọ, a fi bo imú, a dojú bolẹ̀, nítorí wọ́n kọ́ wa nìyẹn náà. Ẹ̀yin tí ẹ kò tí ì wà nínú iná ìgbẹ́ rí, ẹ lè rò pé ó ń ta pàrà-pàrà lásán ni. Bó bá ti gbára, ó ń hó ni, ó ń kù, ilẹ̀ á máa mì lábẹ́ àyà yín. Ọ̀rẹ́ mi gbórí sókè. Ó ní, “Ó ń bọ̀.” Mo ní iná ni. Ó ní rárá, òun mọ ìró ẹ́ńjìnnì, wọ́n ti wá wa dé, bí a bá dọ̀bálẹ̀ síbí, wọn ò ní rí wa. Mo di ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ mú, ó já mọ́ mi lọ́wọ́. Ó gun orí àpáta tó wà lókè ipadò, ó bọ́ fìlà ẹ̀, ó ń fì í sókè. Èéfín kọjá láàárín wa, mi ò rí i mọ́.

Iná ré kọjá lórí ipadò tí mo dọ̀bálẹ̀ sí. Ọ̀gá ọdẹ fúnra ẹ̀ ló gbé ọ̀rẹ́ mi jáde. Ó ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá pàdé pé, “Ta ló mú ọmọ wá síbí?” Ojú títì ni ọ̀rẹ́ mi kú sí, nínú mọ́tò tó ń gbé e lọ sí ọsibítù. Bàbá mi ní kádàrá ni. Mo gbà fún wọn, ṣùgbọ́n kádàrá ní sábàbí tó ń fà á, ìkíni tí a kò kí ni sábàbí ti ọ̀rẹ́ mi. Ó dùn mí nígbà náà, ó ń dùn mí báyìí tí mò ń sọ ọ́ yìí.

Ayé ti yí padà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ilé ló pọ̀ jù nínú igbó yẹn báyìí, ẹni tó bá sì sọnù, fóònù ẹ̀ á sọ ibi tó wà. Ọmọ ọmọ mi obìnrin wà nínú ẹgbẹ́ kádẹ́ẹ̀tì lónìí, mi ò dá a lẹ́kun, nítorí ẹ̀kọ́ náà dára. Àwọn ọ̀gá wọn ń pè wá kí wọ́n tó kó wọn lọ síbikíbi, wọ́n sì ń dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ kí wọ́n tó pàgọ́. Gbogbo ẹ̀ ni mo mọ̀. Síbẹ̀, bí ọyẹ́ bá ti dé, tí mo rí èéfín tó yọ lọ́ọ̀ọ́kán, mo máa ń dìde lórí àga, màá máa pe àwọn ọmọ ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ní Bàbá tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Mi ò ní jókòó títí ẹni ìkẹyìn nínú wọn á fi jẹ́ mi.